Ọwọ́ Tí Mo Fi Sí Ìwé Ìhágún Bàbá Wa

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ sá lè tètè sá. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ohun tí òfin wí nípa ọwọ́ tí mo fi sí ìwé, omi tútù ni mo bù mu, kó tó dé ọ̀fun mi ó ti hó. Bàbá mi ló ṣe mí, bàbá mi sì ti kú, kò wá sí ẹni tí mo lè na ìka sí. Bí ẹ bá bú òkú láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní ṣe ju kó máa dùbúlẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ títún òṣùwọ̀n ṣe ni bàbá wa ń ṣe. Òṣùwọ̀n alápatà, òṣùwọ̀n ẹni tó ń ta ìṣó, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun nílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń gba ìwòsàn. Bàbá Òṣùwọ̀n ni àdúgbò ń pè é. Bí ẹ̀fọn bá bà lé òṣùwọ̀n tí bàbá mi tún ṣe, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tàbí ebi ṣì ń pa á. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ yàrá gbọọrọ kan tó dojú kọ títì: fèrèsé mẹ́rin lára ògiri kan, tábìlì gígùn lábẹ́ àwọn fèrèsé, irin ìwọ̀n tó tò sórí pákó, láti orí èyí tó kéré bí ẹyọ àgbàdo dé orí èyí tó lè sọ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ di pẹlẹbẹ. Ilé tí à ń gbé, a háyà rẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù yẹn àti ilẹ̀ tó dúró lé nìkan ni bàbá wa ní láyé tó jọ nǹkan.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí èmi àti ilé-ìwé fi sọ pé ó tó, inú àwa méjèèjì sì dùn. Alápàárá ni wọ́n ń pè mí, torí mi ò lè rí ẹni tó sùn lórí àga kí n má fi ọ̀dà kun imú rẹ̀. Mo ti so irin mọ́ abẹ́ òṣùwọ̀n kan rí. Alápatà gorí rẹ̀, ó wo ohun tí òṣùwọ̀n sọ, ó bọ́ sílẹ̀, kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àwa méjì péré ni bàbá wa bí, ìyá wa sì ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tíṣà ni. Rúlà ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é. Bó bá tẹjú mọ́ ògiri tó wọ́, ògiri á tọ́ ara rẹ̀, á tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà."

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí bàbá mi fẹ́ràn ju ojú ara rẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n kan kì í jáde láìsí ìwé pélébé tí a fi òwú so mọ́ ọn, pẹ̀lú orúkọ ẹni méjì: ẹni tó tún un ṣe àti ẹni tó dán an wò. Ẹni tó máa dán an wò kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ṣáá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò dùn bí òṣùwọ̀n bá parọ́. Bó bá jẹ́ ti alápatà, alápatà fúnra rẹ̀ ni yóò dán an wò, tí yóò fọwọ́ sí i.

"Ẹni tí kò kàn kì í wò ó dáadáa," bàbá mi á wí. "Ẹni tó kàn ni kó fọwọ́ sí i."

Ọgbọ́n gidi ni. Ọgbọ́n yẹn náà ló sì fi gbé mi lulẹ̀.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbọ́ lórí rédíò pé kí èèyàn kọ ìwé ìhágún kó tó kú, kó sọ ẹni tí yóò ni kí ni, kí àwọn ọmọ má baà máa fi àga bàbá wọn fọ́ ara wọn lórí. Mo ní kó lọ bá lọ́yà. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ bá paramọ́lẹ̀ ṣeré.

"Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kó jọ, lọ́yà ni yóò wá kọ́ mi bí màá ṣe fún ọmọ mi?"

Ó fa abala ìwé kan ya, ó kọ ọ̀rọ̀ tí kò tó ìdajì ojú ewé. Ṣọ́ọ̀bù òun, ilẹ̀ rẹ̀ àti gbogbo irinṣẹ́ inú rẹ̀, fún ọmọ òun ọkùnrin. Ohun yòókù tí òun bá ní, fún ọmọ òun obìnrin. Obìnrin náà ni kó bójú tó pípín ogún náà. Ó parí.

Ó wá ké sí aránbàtà tó wà ní òdìkejì títì, ó ké sí èmi náà. Aránbàtà wọlé pẹ̀lú bàtà obìnrin kan lọ́wọ́, gọ́ọ̀mù ní gbogbo ìka. Ó ka ìwé náà, ó họ orí.

"Bàbá, ṣé ọmọ yín yìí náà ni kó ṣe ẹlẹ́rìí? Òun tó ń jogún?"

"Ta lo fẹ́ kí n pè? Ẹni tó ń kọjá lọ? Òun ló kàn."

"Ó dáa o. Èmi ò mọ̀ ju bàtà lọ."

Bàbá mi fọwọ́ sí i lójú àwa méjèèjì. Aránbàtà fọwọ́ sí i, gọ́ọ̀mù rẹ̀ náà fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó kàn mí, mo kọ́kọ́ gbé ìwé náà sórí òṣùwọ̀n kékeré, mo ní, "Bàbá, kò wúwo tó ogún o. Ẹ fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì kún un." Aránbàtà rẹ́rìn-ín títí bàtà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín.

"Fọwọ́ sí i dáadáa," ó ní. "Má fi ti òní ṣeré."

Mo fọwọ́ sí i dáadáa. Mo ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbẹ́ ère.

Aránbàtà kú lọ́dún tó kọjá. Bàbá mi náà kú lọ́dún yìí, lẹ́yìn ọdún méjì lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, Rúlà mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì kan nílé-ẹjọ́, níbi tí wọ́n ti ń gba àṣẹ kí wọ́n tó lè pín ogún olóògbé. Láìsí àṣẹ yẹn, ẹ lè fi ìwé ìhágún di ẹ̀pà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní bàbá wa kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì jọ wà níbẹ̀ nígbà tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí kan gbọ́dọ̀ wá búra. Ẹlẹ́rìí kan sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó ku èmi.

Rúlà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá. Ẹ̀dà ìwé náà nìyí, kó o fi tẹ ìwé ìbúra rẹ. Wẹ̀ kó o tó wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò ní jókòó ni?"

"Mi ò wá ṣeré."

Ó wo ṣọ́ọ̀bù yí ká, fèrèsé kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ tí kò wá sílé-ìwé. Èmi rò pé ó ń rántí bàbá wa. Orí mi ìgbà yẹn, bí ẹ bá kàn án, á dún bí àgbá òfìfo.

Lọ́jọ́rú, mo wẹ̀. Níwájú ilé-ẹjọ́, ọkùnrin kan máa ń jókòó sábẹ́ agboòrùn tó ti fàya, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lórí àpótí. Akọ̀wé Abẹ́-Agboòrùn ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ìbúra. Òfin tó wà lágbárí ọkùnrin náà pọ̀ débi pé adájọ́ tó bá gbàgbé nǹkan, ojú fèrèsé ni yóò ti yọ orí síta wá bi í. Mo na ẹ̀dà ìwé ìhágún náà sí i. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Alápàárá, ta ló kọ́ bàbá yín níṣẹ́ yìí?"

"Iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ kí èèyàn na nǹkan sí ọmọ rẹ̀, kó tún gbá ọmọ náà lọ́wọ́ dànù."

"Ẹ là á fún mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà."

"Ẹlẹ́rìí ìwé ìhágún kì í jogún nínú rẹ̀. Ọkọ ẹlẹ́rìí kì í jogún, ìyàwó ẹlẹ́rìí kì í jogún. Òfin ò fẹ́ kí ẹni tó máa jẹ èrè dúró ti arúgbó, kó máa ti ìgúnpá rẹ̀. Ìwé náà dúró o, ó dúró gbagidi. Ohun tí wọ́n fún ẹ nínú rẹ̀ nìkan ló jábọ́."

"Ó jábọ́ síbo?"

Ó fi ìka lé orí ìwé. "Síbí. Ohun yòókù. Ó ti di ti ẹ̀gbọ́n ẹ."

Mo pariwo. Àwọn ẹyẹlé tó wà lórí òrùlé ilé-ẹjọ́ fò lọ, mo gbọ́ pé wọn ò tíì padà wá. Ọdún mọ́kàndínlógún! Ìka mi yìí ti gé nígbà mẹ́tàdínlógún lórí tábìlì yẹn. Bàbá mi tó lè tọ́ òṣùwọ̀n sọ́nà títí yóò fi wọn ìmí-ẹ̀dùn, ó mú ìwé kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì láyé rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dọ́gbẹ́ sí i!

"Ká ní ó pe ẹni tó ń kọjá lọ—"

"Ká ní ó pe ẹni tó ń kọjá lọ, ò bá ti di oní-ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò kàn ni òfin ń fẹ́ ní ẹlẹ́rìí." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa àga mi mọ́ra. "Ṣùgbọ́n ibì kan ṣì wà. Ẹlẹ́rìí méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá fọwọ́ sí i. Aránbàtà yẹn ti kú, àbí? Ká ní o búra pé kò tíì wọlé nígbà yẹn ńkọ́? Pé ọjọ́ kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i? Ìwé á wó lulẹ̀. A jẹ́ pé bàbá yín kú láìkọ ìwé ìhágún, ẹ̀yin ọmọ méjèèjì á sì pín ohun gbogbo lọ́gbọọgba."

"Ìdajì."

"Ìdajì sàn ju òfo lọ. Gbólóhùn kan péré ni. O ti pa irọ́ tó gùn ju ìyẹn lọ kó o tó fọ ẹnu láàárọ̀."

Kò purọ́ mọ́ mi. Mo ní kó tẹ ìwé méjì: òótọ́ kan, irọ́ kan. Mo ki òótọ́ sápò òsì. Mo ki irọ́ sápò ọ̀tún, ibi tí ọwọ́ ti ń yá.

Rúlà ti wà lórí bẹ́ńṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹjọ́, báàgì lórí itan, ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ògiri.

"Ẹ ti mọ̀," mo ní.

"Kí ni mo mọ̀?"

"Pé ṣọ́ọ̀bù ti bọ́ lọ́wọ́ mi!"

"Obìnrin inú ọ́fíìsì ti sọ fún mi láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn."

"Ẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ ń wo fèrèsé!"

"Mò ń kà wọ́n ni. Ẹnì kan wà tó ń ta fóònù. Ó fẹ́ ra ibẹ̀."

"O fẹ́ tà á? Ìwọ tí o ò mọ orí òṣùwọ̀n yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀?"

"Ìwọ? Èmi lò ń pè ní ìwọ?"

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ orí òṣùwọ̀n yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀!"

Kò pariwo. Ohùn tó fi ń lé ọmọ jáde ní kíláàsì ló mú, ohùn tó máa ń rọra jáde, tó sì máa ń gé nǹkan.

"Ọdún méjì tí bàbá fi dùbúlẹ̀, ta ló ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́? Ta ló ń fọ aṣọ tó tọ̀ sí kó tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé? Ìwọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ò ń kun imú èèyàn. Ìwé yẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Bírò wà lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ tó o. Ọdún méjì gbáko, kò tún ìlà kan kọ! Ohun yòókù. Bí ìyókù ọṣẹ. O mọ ohun tó jẹ́? Bẹ́ẹ̀dì tó kú sí, rédíò kan, fáànù tó ku abẹ́ méjì. Òun ló fún mi. Òfin wá ní ohun yòókù pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò bẹ òfin níṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀ lọ.

Wọ́n pè wá wọlé. Fáìlì inú yàrá náà ga débi pé mo rí ìkùukùu lórí èyí tó wà lókè pátápátá. Obìnrin tó jókòó sáàárín wọn wọ gíláàsì tó nípọn bí ìdí ìgò. Ó gbé ojúlówó ìwé ìhágún náà síwájú mi.

"Ṣé ìwọ lo fọwọ́ síbí yìí?"

"Èmi ni."

"Ìwé ìbúra rẹ dà?"

Ọwọ́ ọ̀tún mi wọ àpò ọ̀tún lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín: mo ti di ìwé irọ́ náà mú, mo ti ń fà á bọ̀. Rúlà bá la ẹnu.

"Mà, kó tó fún yín, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Irọ́ ni iṣẹ́ àbúrò mi yìí. Ohunkóhun tó bá kọ síbẹ̀, ẹ fi iyọ̀ sí i kẹ́ ẹ tó gbé e mì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì ṣe nǹkan kan tí kì í ṣe àpárá."

Orí mi gbóná débi pé ká ní wọ́n ta omi sí i, gbogbo ilé-ẹjọ́ á kún fún èéfín. Mo wo ọwọ́ tí mo fi sí ìwé náà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró gangan. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo ṣe láyé yìí láìfi ṣeré, òun ló wà lórí tábìlì yẹn, irọ́ tó wà lápò mi sì fẹ́ wá sọ òun náà di àpárá. Rúlà á wá jàre títí ayé. Kí n pàdánù ṣọ́ọ̀bù, kí Rúlà tún jàre? Láéláé!

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ panu mọ́!" Mo ju ìwé irọ́ sílẹ̀ nínú àpò, mo fa èyí tó wà lápò òsì yọ, mo là á mọ́ tábìlì, òǹtẹ̀ fò sókè, páádì rẹ̀ tẹ̀ lé e. "Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wà níbẹ̀! Bàbá mi jókòó bí ẹ ṣe jókòó yẹn, aránbàtà dúró síhìn-ín, èmi dúró sọ́hùn-ún. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ nìyẹn tẹ́ ẹ rò pé ìdọ̀tí ni. Bàbá mi fọwọ́ sí i, ojú àwa méjèèjì wà lára rẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó ti ìgúnpá rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe, àfi òfin nìkan ni kò mọ̀!"

Obìnrin náà ka ìwé ìbúra mi títí dé ìsàlẹ̀.

"Ó yé ẹ pé o ò ní rí nǹkan kan gbà nínú ogún yìí?"

"Ó yé mi! Ẹ lu òǹtẹ̀ yín!"

Ó ní kí n gbé ọwọ́ sókè, mo búra. Ó lu òǹtẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ṣe lọ.

Orí àtẹ̀gùn níta ni Rúlà ti bá mi. Mò ń fa ìwé irọ́ ya wẹ́wẹ́.

"Mo rò pé o máa parọ́ ni."

"Mo gbọ́. Gbogbo ilé-ẹjọ́ gbọ́."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kó ọ̀rọ̀ tí màá sọ sí ẹ lójú jọ, tó o bá ti parọ́ tán. Mo ti há gbogbo rẹ̀ sórí."

"Ẹ sọ ọ́ náà. Mo ti wẹ̀ wá."

"Kò bá a mu mọ́, aṣiwèrè!" Ó fi báàgì lù mí léjìká, báàgì tíṣà, gbogbo ìwé tó ń máàkì ló wà nínú rẹ̀. "O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbádùn ìbínú mi. Kí ni kí n wá fi ṣe báyìí?"

"Ẹ fi kún tèmi. Ààyè ṣì wà."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, Rúlà tí kì í jókòó sórí ohun tí wọn ò nù.

"Mi ò ní fún ẹ ní gbogbo rẹ̀ o."

"Ta ló bẹ̀ yín?"

"Ìdajì. Lọ́yà gidi ni yóò kọ ọ́, kì í ṣe abala ìwé tí wọ́n fà ya. Èmi náà máa mú ìdajì, torí mo fẹ́ ní nǹkan kan tó jẹ́ ti bàbá mi, tí kì í ṣe fáànù. Oní-fóònù lè máa lọ."

Ẹ má rò pé mo dọ̀bálẹ̀. Ìdajì yẹn náà ni irọ́ ì bá fún mi, láìjẹ́ pé mo pariwo títí ohùn mi fi ha. Odindi ni bàbá mi fún mi! Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ ní ibojì. Mo ní mo ti lọ, kò dáhùn. Bí a ṣe ń jà nìyẹn títí dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, lọ́yà ní kí a dúró níta títí a ó fi parí.

Lọ́yà kọ ọ́, a fọwọ́ sí i, ó ku ògiri tí yóò pín yàrá náà sí méjì. Rúlà fẹ́ fi apá tirẹ̀ ṣe kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbọ́ o: ogójì ọmọ tí yóò máa fò, níbi tí mo ti ń dán òṣùwọ̀n wò! Bí ọmọ kan bá sín níbẹ̀, ẹran alápatà á fi kílò kan lé. Lánàá, bíríkìlà dé. Rúlà ti na okùn sílẹ̀ síbi tí ògiri máa gbà, láàárín fèrèsé kejì àti ìkẹta. Nígbà tó yíjú, mo gbé okùn náà sún díẹ̀. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ó yíjú padà.

"Ta ló gbé okùn yìí?"

"Afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ tó mọ kókó so?"

Bíríkìlà gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ara. Ṣé ẹ ò kúkú lè jọ máa lo yàrá náà bẹ́ẹ̀? Bíríkì tí ògiri yìí máa jẹ kì í ṣe kékeré."

"Ta ló bi ẹ́?" Rúlà ní.

"Àbí ìwọ náà fẹ́ jogún ni?" èmi náà ní.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń po sìmẹ́ǹtì rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Rúlà kúnlẹ̀, ó tú kókó, ó gbé okùn padà. Ó lọ bu omi mu. Mo gbé e. Ó gbé e padà. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ògiri náà ò tíì ga ju orúnkún lọ, ó sì wọ́.